Ẹfun Inú Ìgò Àwòrán

Kò sí ẹni tó mọ Adépọ̀jù ní Ìkìrun tí kò mọ̀ pé ọkùnrin náà kì í sọ fún oníbàárà pé nǹkan rẹ̀ ti kú. Gbé tẹlifíṣọ̀n tí òjò ti pa lọ bá a, gbé rédíò tí eku ti bímọ sí nínú lọ bá a, ohun kan náà ni yóò sọ: "Ẹ fi sílẹ̀, á gbé e." Ó ti tó ọdún márùndínlógójì tó ti ń sọ ọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, á sì gbé e lóòótọ́, torí iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n má tàn yín, ìgbà mìíràn wà tí òun fúnra rẹ̀ mọ̀ pé kò ní í gbé e, tí yóò sì tún sọ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe olè o. Ojú ló máa ń tì í láti wo ènìyàn lójú kó sọ pé ó ti parí.

Inísà ló ti kọ́ṣẹ́, lọ́dọ̀ Ọ̀gá Adéníyì, ọkùnrin kúkurú kan tó máa ń fi ìdí sukudiráfà gbá ọmọṣẹ́ ní ìka. Láyé ìgbà náà, tẹlifíṣọ̀n onígò ló wà, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ yọ gbàǹgbà bí ìdí àgbò. Lọ́jọ́ kan Ọ̀gá Adéníyì fọ́ ìgò àwòrán kan tó ti kú, ó sì yọ agolo irin kékeré kan jáde láti ọrùn rẹ̀. Agolo náà kò ju orí ìṣáná lọ, wọ́n sì fi nǹkan funfun kan bí ẹfun pa á lójú. Ọ̀gá ní kí Adépọ̀jù fi èékánná ha á. Ó ha á lẹ́ẹ̀kan péré, ẹfun náà bọ́ dànù, ó ku irin lásán. Ọ̀gá wá ní, "Èyí tó o fi èékánná kan ha dànù yẹn, òun gan-an ni tẹlifíṣọ̀n. Àpótí ni gbogbo ìyókù."

Bí ọ̀rọ̀ ẹfun náà ṣe rí rèé. Waya kan wà lábẹ́ agolo yẹn tó máa ń gbóná títí á fi pọ́n. Àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ń ya àwòrán sójú ìgò, inú irin ni wọ́n ń gbé, ojú kì í rí wọn, irin náà kì í sì í fẹ́ kí wọ́n kúrò lọ́dọ̀ òun. Tó bá jẹ́ irin lásán ni, àfi kéèyàn dáná sí i títí yóò fi funfun báláú kó tó yọ̀ǹda díẹ̀, waya á sì ti jó kó tó dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹfun bá ti wà lójú irin, bó ti wù kó fẹ́lẹ́ tó, ọ̀nà ti là nìyẹn. Ooru díẹ̀ báyìí, wọ́n á máa tú jáde bí esunsun lẹ́yìn òjò. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n bá wá ń dàgbà, ojú ẹfun á yigbì, àwòrán á máa ṣókùnkùn. Ẹni tó mọṣẹ́ lè fi ooru àti iná tó lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ jó òkú awọ kúrò lójú rẹ̀, kí ààyè tó wà nísàlẹ̀ lè yọjú. Jíjí ìgò ni wọ́n ń pe iṣẹ́ yẹn. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń ṣe é fún ìgò kan. Bí iná bá fi ìṣẹ́jú-àáyá kan péré pẹ́ jù, ààyè á bá òkú lọ.

Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ gbòde, ìgò àwòrán di èrò ààtàn. Àwọn ẹgbẹ́ Adépọ̀jù bọ́ sídìí fóònù títúnṣe, àwọn mìíràn ń gbé sólà sórí òrùlé. Òun náà ń gun òrùlé, orúnkún sì ń pa á. Ìyàwó rẹ̀, Ọmọ́dára, tó jẹ́ tíṣà iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, sọ ọ́ títí pé kó kó àwọn ìgò tó kún yàrá ẹ̀yìn dànù. Adépọ̀jù á ní òun ti gbọ́, kò sì ní í kó wọn.

Ẹni kan ṣoṣo tó ṣì nílò ọgbọ́n àtijọ́ yẹn ni Mátírọ́nù Ọlábímpé ní Òkukù. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni, ó sì dá ilé ìgbẹ̀bí kékeré kan sílẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ sìkáànù kan, èyí tí wọ́n fi ń wo ọmọ nínú ikùn, tí ṣọ́ọ̀ṣì kan kó ránṣẹ́ láti òkè òkun lẹ́yìn tí wọ́n ti lò ó gbó níbẹ̀. Onígò ni. Nínú oṣù kejì ọdún yìí, ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣókùnkùn, Mátírọ́nù sì ránṣẹ́ pe Adépọ̀jù. Ó dé ibẹ̀, ó ṣí ẹ̀yìn ẹ̀rọ, kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tó ti mọ̀ pé ẹfun ló ń kú lọ. Ohun tó yẹ kó sọ ni pé kí obìnrin náà má gbẹ́kẹ̀ lé ẹ̀rọ yẹn mọ́. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó yí bọ́tìnì kan nínú rẹ̀ kí ojú rẹ̀ lè tàn sí i, ó dé e padà, ó ní, "Á gbé e, Mátírọ́nù." Ó mọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ tóun fi kún un kì í ṣe àwòrán, ńṣe ló kàn ń yára jẹ èyí tó kù. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa.

Láti ìgbà náà ni Mátírọ́nù ti ń fojú wá ọmọ nínú kùrukùru. Ó sọ fún ìdílé kan pé obìnrin ni ọmọ wọn, wọ́n ra aṣọ píńkì jọ, wọ́n sọ ọ́ lórúkọ kí wọ́n tó bí i. Ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀n ló jáde. Àwọn ará àdúgbò fi rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ sì kọjá lójú àwọn tó rò pé ọ̀rọ̀ ń kọjá.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù kẹrin, agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ kọjá díẹ̀, fóònù Adépọ̀jù dún. Mátírọ́nù ni, ohùn rẹ̀ kò sì dà bí tirẹ̀. Ó ní Blessing, ìyàwó Fúnṣọ́ tó jẹ́ tíṣà ní Igbaye, wà lọ́dọ̀ òun pẹ̀lú oyún oṣù mẹ́jọ. Ẹ̀jẹ̀ ń wá láti ìdájí, inú kò sì run ún rárá. Ẹ̀jẹ̀ tí kò ní inú rírun nínú oṣù kẹjọ ń ba òun lẹ́rù, torí ó lè jẹ́ pé ibi ọmọ ló jókòó sí ẹnu ilé ọmọ. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ọmọ kò ní í rí ọ̀nà gbà, bí ìrọbí bá sì bẹ̀rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ yóò gbẹ lára ìyá. Iṣẹ́ abẹ nìkan ló lè yọ àwọn méjèèjì, ní Òṣogbo. Òun ti ní kí wọ́n máa lọ láti aago méje, wọn ò lọ.

Ìdí tí wọn ò fi lọ rèé. Ìyá Fúnṣọ́, díákónẹ́ẹ̀sì nínú ìjọ wọn, ti gbé àga síwájú ilẹ̀kùn, ó ní kò sí abẹ tó máa kan ìyàwó ọmọ òun, yóò bí wẹ́rẹ́ bí àwọn obìnrin Hébérù. Ìdílé yìí náà ni ìdílé aṣọ píńkì yẹn, ìyàwó àbúrò Fúnṣọ́ ló bí ọmọkùnrin ọ̀hún. Ìyá ní ẹni tí kò mọ ọkùnrin yàtọ̀ sí obìnrin, ṣé òun ló máa wá mọ ibi tí ibi ọmọ jókòó sí? Fúnṣọ́ há sáàárín. Ó ní tí òun bá fi ojú òun rí i nínú ẹ̀rọ, òun á gbé ìyàwó òun lọ, kódà kí ìyá òun dùbúlẹ̀ sójú ọ̀nà. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ni ojú ẹ̀rọ sì ṣú pátápátá, kò hàn mọ́ rárá.

Adépọ̀jù kó irinṣẹ́ sínú àpò, ó fò sórí ọ̀kadà. Láti Ìkìrun dé Inísà, ó ń sọ fún ọlọ́kadà pé kó túbọ̀ sáré. Ẹ̀rù ń bà á. Ẹ̀ẹ̀kan ni ìgò yẹn lè gba jíjí, bí ẹfun kankan bá tilẹ̀ ṣẹ́ kù. Bí wọ́n ti ń kọjá níwájú ibi tí ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Adéníyì wà tẹ́lẹ̀, ó gbójú sí òdìkejì. Ó ń bẹ Ọlọ́run, ó sì ń bínú sí ara rẹ̀ pé ohun tóun fi ẹnu ara òun bà jẹ́ lòun ń bẹ Ọlọ́run sí.

Nígbà tó wọlé, Mátírọ́nù ti gbé ẹsẹ̀ ibùsùn Blessing sókè pẹ̀lú búlọ́ọ̀kù méjì, omi dírípù sì ń kán wọ apá rẹ̀. Ọmọbìnrin náà di irin ibùsùn mú. Kò ju ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ, ètè rẹ̀ ti ń funfun. Ó yí ojú sí Adépọ̀jù, ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ̀rọ náà máa ṣiṣẹ́?"

Ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ wà lẹ́nu rẹ̀, kò lè sọ ọ́. Ó ní, "Jẹ́ n wò ó, ọmọ mi."

Ó ní kí ọlọ́kadà yọ bátìrì ọ̀kadà rẹ̀ wá. Ọkùnrin náà wo ẹ̀jẹ̀ tó wà lórí aṣọ ibùsùn, ó lọ yọ ọ́ láìjiyàn. Adépọ̀jù tún gba òkúta tọ́ọ̀ṣì mẹ́ta lọ́wọ́ Mátírọ́nù. Bátìrì yẹn á gbé ooru tí waya mọ̀ tẹ́lẹ̀, òkúta kọ̀ọ̀kan á sì máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un. Ó so waya mọ́ ìdí ìgò, ó fi òkúta kan kún un, ó dúró. Nínú ọrùn ìgò, iná kékeré kan pọ́n. Ó fi ìkejì kún un. Ó rọra fi ìdí sukudiráfà kan ọrùn ìgò, kó lè gbọn òkú ẹfun tó bá ti ṣí lára rẹ̀ kúrò. Kí iná tó máa fà á tó dé, ooru gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́ lára, ìyẹn sì gba ìṣẹ́jú mẹ́ta gbáko tí ẹnikẹ́ni kò lè dín kù.

Ìṣẹ́jú mẹ́ta yẹn gùn. Mátírọ́nù pààrọ̀ aṣọ lábẹ́ Blessing, Adépọ̀jù sì rí bí aṣọ náà ṣe wúwo nígbà tó ń jù ú sínú báàfù. Ìyá Fúnṣọ́ ń gbàdúrà kíkankíkan lẹ́nu ọ̀nà, ohùn rẹ̀ ń lọ sókè ń wálẹ̀. Fúnṣọ́ dúró ti ògiri, ó ń já èékánná ara rẹ̀ jẹ.

Adépọ̀jù fi òkúta kẹta kún un. Ó wá mú iná jẹnẹrétọ̀ gba inú gílóòbù kékeré kan. Gílóòbù yẹn ni yóò sọ fún un: bó bá ti ṣẹ́jú, òkú awọ ti jó nìyẹn, kó yọ ọwọ́ lójú ẹsẹ̀. Ó ní kí Fúnṣọ́ wá bá òun di gílóòbù mú, ó sì nu òógùn ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò. Ó fi ẹnu waya kan ìdí ìgò. Nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ó kà á sínú: ọ̀kan. Gílóòbù kò ṣẹ́jú. Gbogbo ara rẹ̀ ń sọ fún un pé kó yọ ọ́, kó má lọ pa á tán. Kò yọ ọ́. Gílóòbù ṣẹ́jú pìrí, Adépọ̀jù sì fa waya kúrò.

Ó tú òkúta dànù, ó dá gbogbo rẹ̀ padà sí ipò, ó tan ẹ̀rọ. Ojú ìgò dúdú bí ìdí ìkòkò. Nígbà tó yá, eérú fẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ, ó ń mọ́ bọ̀, àfi bí àfẹ̀mọ́júmọ́. Ojú Adépọ̀jù kún fún omi, kò sì bìkítà ẹni tó rí i.

Mátírọ́nù kò dúró dúpẹ́. Ó ti da òróró sìkáànù sí ikùn Blessing, ó gbé ọwọ́ ẹ̀rọ, èyí tó ń wo inú, lé e, ó fara balẹ̀ wá a. Ó ní, "Ọmọ rèé. Ọkàn rẹ̀ nìyẹn, ó ń lù. Ibi ọmọ rèé." Ó fi ìka tọ́ka sí ojú ìgò. "Fúnṣọ́, wá wò ó. Ó bo ẹnu ọ̀nà pátápátá."

Fúnṣọ́ súnmọ́ ọn. Ó tẹjú mọ́ ọn, ó tún fà sẹ́yìn wò ó. Ìyá rẹ̀ náà ti dìde lórí àga, ó yọjú láti èjìká ọmọ rẹ̀, ó ní kùrukùru lòun rí, òun ò rí ẹnu ọ̀nà kankan níbẹ̀. Òótọ́ ló sọ. Àwọn tí ò kọ́ ọ rí, kí ni wọ́n fẹ́ rí nínú àwòrán sìkáànù? Gbogbo àárọ̀ ni wọ́n ti ń dúró de ojú ẹ̀rọ, wọn ò rántí pé ojú ènìyàn ló máa kà á. Mátírọ́nù tún fi ìka tọ́ka sí i. Fúnṣọ́ kò wo ìka rẹ̀ mọ́. Ó yíjú sí Adépọ̀jù.

"Bàbá," ó ní, "ẹ̀yin lẹ tún un ṣe, ẹ ò sì sí lẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ohun tẹ́ ẹ bá ní ẹ rí ni màá ṣe. Kí lẹ rí?"

Adépọ̀jù wo ojú ìgò. Eérú ló rí, àti nǹkan kan tó ń mì tìtì láàárín eérú. Ì bá rọrùn fún un láti ní òun rí i. Irọ́ rere ni ì bá jẹ́, ó sì ti fi ọdún márùndínlógójì mọ irọ́ rere pa. Ṣùgbọ́n bí ìyá yẹn bá ní kí ó fi ìka tọ́ka sí ẹnu ọ̀nà náà ńkọ́? Ọ̀rọ̀ á dàrú, ìṣẹ́jú á sì máa lọ. Ó wo Blessing, ojú rẹ̀ ti ń pa dé.

Ó ní, "Fúnṣọ́, kùrukùru lèmi náà rí. Iṣẹ́ mi ni kí iná dé ojú ìgò, mi ò mọ ohun tó wà níbẹ̀ kà. Mátírọ́nù ló mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n gbọ́ èyí tí mo mọ̀. Láti oṣù kejì ni mo ti rí i pé ẹ̀rọ yìí ń kú. Mo purọ́ fún Mátírọ́nù pé á gbé e, torí ojú ń tì mí. Àṣìṣe ọmọ ilé yín yẹn, èmi ni mo ṣe é, kì í ṣe òun. Èmi ni kó o má gbà gbọ́. Gbé ìyàwó rẹ lọ."

Mátírọ́nù wò ó bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Kò sí àyè láti bínú. Fúnṣọ́ ti fi apá méjèèjì gbé Blessing, àpò dírípù sì wà lọ́wọ́ Mátírọ́nù, wọ́n dojú kọ ilẹ̀kùn. Ìyá Fúnṣọ́ wà níbẹ̀, ó dúró ṣinṣin, ọwọ́ rẹ̀ di férémù ilẹ̀kùn mú. Fúnṣọ́ kò pariwo. Ó ní, "Ẹ dákun, màmá mi." Obìnrin náà wo ojú ọmọ rẹ̀, ó wo ẹ̀jẹ̀ tó ń kán sílẹ̀ láàárín wọn, ọwọ́ rẹ̀ já sílẹ̀. Ó bá wọn sáré wọnú ọkọ̀ Mátírọ́nù. Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ, ariwo ọkọ̀ náà ti dọ̀nà Inísà.

Ó ku Adépọ̀jù nìkan nínú yàrá. Ojú ìgò ti ṣú padà, ó di àmì funfun kan láàárín, àmì náà sì kú. Ọlọ́kadà gba bátìrì rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Adépọ̀jù wá omi àti àkísà, ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún, ó nu ẹ̀jẹ̀ ilẹ̀. Nígbà tó nù ún tán, ó tún un nù. Ó rò pé bí Blessing tàbí ọmọ inú rẹ̀ bá kú, kò sí ẹni tó máa mú òun lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, kò sí adájọ́ tó máa dá òun lẹ́jọ́. Ìyẹn gan-an ló bà á lẹ́rù jù lọ.

Agogo kan ọ̀sán ti kọjá kí fóònù tó dún. Nọ́ńbà Mátírọ́nù ni, àmọ́ kì í ṣe ohùn Mátírọ́nù. Ìyá Fúnṣọ́ ló wà níbẹ̀, ó béèrè bóyá bàbá tó tún ẹ̀rọ ṣe ni. Adépọ̀jù ní òun ni. Obìnrin náà ní wọ́n ti gbé ọmọ jáde, obìnrin ni. Wọ́n fa àpò ẹ̀jẹ̀ mẹ́ta sí ìyá rẹ̀ lára, ó sì ti lajú, ó dá Fúnṣọ́ lóhùn.

Adépọ̀jù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Obìnrin náà tún bá ọ̀rọ̀ lọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ kí n tó padà wọlé lọ bá wọn," ó ní. "Ọlọ́run kọ́ ló ní ká má gbà fún abẹ. Orí tábìlì iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀ ni àbúrò mi kú sí, ní ọdún mọ́kànlélógún sẹ́yìn. Èmi ni mo fọwọ́ sí ìwé pé kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà fún un. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, Ọlọ́run ni mo ń fi bojú. Nígbà tẹ́ ẹ sọ tiyín lójú gbogbo wa, ni ọwọ́ mi já."

Obìnrin náà kò pa fóònù. Adépọ̀jù náà kò pa tirẹ̀. Ó ń gbọ́ ọmọ kan tó ń ké lẹ́yìn obìnrin náà, ó sì gbé fóònù mọ́ etí títí ọmọ náà fi dákẹ́.